Bí Mo Ṣe Fẹ́ Gbẹ́ Kànga Kánò sí Etí Òkun

Ohun tí Kánò kọ́kọ́ fi bá mi jà kì í ṣe ooru, kì í sì í ṣe èdè. Omi ni.

Ọjọ́ kejì tí mo dé yàrá ọkọ mi ní Niger Street, mo wẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀ bí a ṣe ń wẹ̀ nílé wa níhà Ìbẹ̀jú, lórí ilẹ̀ yanrìn tó wà láàrin ọ̀sà àti òkun, níbi tí èèyàn ti ń da omi sára títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó ti ṣófo bí ẹni tó ń wo òkú.

“Obìnrin yìí, ṣé ẹja ni mo fẹ́ níyàwó ni?”

Mo ní kí ló dé. Ó ní omi ọjọ́ méjì ni mo fi wẹ ara ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ríra ni wọ́n ń ra omi níbẹ̀. Ọkùnrin kan á ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì, á máa ké “Ruwa! Ruwa!” káàkiri àdúgbò. Mai ruwa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn olómi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ní kí n rọra, pé omi ojú náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní Kánò. Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ó lẹ́nu jù mí lọ, ẹ ò sì lè gbà gbọ́ pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà.

Ibi tí òwò mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rò ó pé ibi tí wọ́n bá ti ń ra omi, wọ́n á ní láti ra ohun tí wọ́n máa gbé e sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì ka ẹ̀kẹfà yẹn tán, àmọ́ ìyẹn ò gba ìwé. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Sabon Gari, ẹ ó bá kẹ́ẹ̀gì, korobá, dírọ́ọ̀mù, àti dòrò tí wọ́n fi ń fa omi kànga, tòun ti okùn rẹ̀. Hajiya ni àwọn oníbàárà ń pè mí. Mi ò dé Mẹ́kà rí. Ibi tí mo tíì rìn jìnnà dé jù nínú Kánò pàápàá, Gwagwarwa ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ ra korobá méjìlá, tó wá pè mí ní Hajiya, ṣé kí n máa bá a jiyàn ni?

Ọdún àkọ́kọ́, ilé ń pè mí bí ebi ṣe ń pani. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá gbé ẹnu kẹ́ẹ̀gì òfìfo sétí, ó máa ń hó bí òkun ṣe ń hó láti ẹ̀yìnkùlé wa. Ni mo bá ń yọ́ lọ sẹ́yìn òkìtì ọjà mi, mo ń fi etí sí kẹ́ẹ̀gì, mo ń gbọ́ ilé. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ká mi mọ́ ibẹ̀. Ó ní, “Hajiya, kí lẹ ń ṣe?” Mo ní mò ń dán an wò bóyá ó ń jò ni, pé bí kò bá jò, ohùn rẹ̀ á kún. Ọkùnrin náà gbé tirẹ̀ sétí, ó mi orí, ó ní tirẹ̀ kún. Títí di òní, àwọn èèyàn wà lọ́jà yẹn tí wọn kì í sanwó kẹ́ẹ̀gì láìfi etí sí i. Èmi ni mo kó bá wọn.

Ilé tí à ń gbé ní kànga kan tó máa ń gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le. Onílé ránṣẹ́ sí Málàm Audu ní Gwagwarwa, bàbá tín-ín-rín kan tó ń gbẹ́ kànga, oníbàárà mi ni. Ó fi okùn wọ inú ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, omi tú, ó tutù, ó dùn. Bàbá gòkè wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Sai an yi zurfi, Hajiya.” Ìyẹn ni pé, àfi kí èèyàn gbẹ́ ẹ jìn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gbé àdúrà. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra okùn, mo máa ń wàásù fún un: ra èyí tó gùn. Bí omi bá gbẹ, gbẹ́ ẹ jìn. Bí kò bá dùn, gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi wàásù yìí. Ìwàásù náà sì ń ta okùn.

Nígbà tó yá ni Ìyá mi pè.

Ìyá mi nìkan ló kù nílé wa, òun àti ewúrẹ́ mẹ́ta. Bí ó bá pè, mo máa ń gbé fóònù jìnnà sí etí, nítorí ó gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ohùn gbọ́dọ̀ ròkè tó. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìlà wa lọ́jà ló gbọ́ ọ.

“Omi wa ti ń yí padà o!”

“Ó ń yí padà báwo, Ìyá?”

“Mo fi po ẹ̀kọ, ó dà bí ẹni pé mo fi iyọ̀ sí i. Mi ò sì fi iyọ̀ sí i.”

“Bóyá ẹ fi sí i, ẹ kàn gbàgbé ni.”

“Ṣé omi ni mo ní ó ń yí padà, àbí orí mi?”

Mo tọrọ gáfárà. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn kan ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí i, wọ́n gbẹ́ ihò tó jìn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Mo ní kó máa bọ̀ ní Kánò, kó wá jókòó tì mí.

“Kí n wá máa ra omi lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ọmọlanke? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìdí àgbọn tí bàbá rẹ sùn sí yìí, ibẹ̀ lèmi náà wà.”

Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní kúrò. Bí omi yẹn bá sì bàjẹ́ pátápátá, kò ní lè dúró. Bí Ìyá bá wá kúrò níbẹ̀, ilé ti tán nìyẹn. Èmi tí mo ń sọ fún gbogbo Sabon Gari pé àjò ni mo wà, pé mo nílé, ilé wo ni màá tún máa tọ́ka sí?

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, mi ò rántí ohun tí mo dìde fún. Ṣùgbọ́n mo ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, àbí? Zurfi, kí a gbẹ́ ẹ jìn! A máa gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tó jìn sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá, a ó ri súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, sí i, a ó gbé tánkì dúdú ka orí òpó irin, kí gbogbo abúlé lè máa wò ó pé ọmọ ẹnì kan wà ní òkè Ọya tó rántí ilé.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé ẹsẹ̀ dínà fún mi. Ràlíátù lorúkọ rẹ̀. Kánò ni mo bí i sí, Kánò ló ti ń lọ sí yunifásítì. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ sí i, Hausa tàbí Pidgin ló fi máa dá ẹ lóhùn. Ìmọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń kọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di Málàm Audu. Ó ní rárá, kọ̀ǹpútà ni òun fi ń gbẹ́ kànga tòun. Mo ní ẹ̀kọ́ dára, kànga tí ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í ta síni láṣọ.

“Mama, no dig am deep,” ló wí. “Don Allah. Na salt dey under.” Ó ń fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, pé iyọ̀ ló wà nísàlẹ̀.

“Ìwọ tí o ò rí òkun rí! Òkun tí o mọ̀, inú fóònù ló wà.”

Kò bá mi jà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí dírọ́ọ̀mù kan, ó fi àwòrán kan hàn mí. Ilẹ̀ wa ni, tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì. Ọ̀sà wà lọ́wọ́ kan, òkun wà lọ́wọ́ kejì, yanrìn wà láàrin. Ó ti pín yanrìn náà sí àpótí kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó ní kí n wò ó bí ọjà wa yìí. Àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á máa bi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, omi tèmi ga tó báyìí, tìrẹ ńkọ́? Èyí tí tirẹ̀ ga jù á tì lára rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Kọ̀ǹpútà á béèrè yí gbogbo ọjà ká, á tún béèrè, á tún béèrè, títí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn á fi bára mu.

Mo ní, “Nínú ọjà tìrẹ yìí, kò sẹ́ni tó ń purọ́?”

Ó ní kò sí.

“Kì í ṣe Sabon Gari nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Omi òjò ni àwọ̀ búlúù, omi òkun ni pupa. Búlúù jókòó lórí pupa bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Kò sí ògiri láàrin wọn. Omi òjò kàn fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ ni. Bí o bá fi ṣíbí rọra bù ú lókè, epo lo máa rí. Bí o bá ri ṣíbí wọlẹ̀, o mọ ohun tó máa gòkè wá.

Mo lóye rẹ̀. Mo kàn sọ pé mi ò lóye ni. Ó burú fún èèyàn kí ọmọ rẹ̀ fi epo àti ọbẹ̀ kọ́ ọ ní ọgbọ́n níwájú oníbàárà.

Ràlíátù ní òun fẹ́ mọ ibi tí omi dé nínú kànga Ìyá lójoojúmọ́, kí kọ̀ǹpútà má baà máa méfò. Kò sí ohun ìwọ̀n kankan lọ́wọ́ Ìyá. Ṣùgbọ́n ó ní kẹ́ẹ̀gì ofeefee kan tí mo fi ránṣẹ́ sí i, irú rẹ̀ sì kún ṣọ́ọ̀bù mi. A pè é lẹ́yìn ìrun Àsárì.

“Ìyá, ẹ mú okùn, ẹ fi gíga kẹ́ẹ̀gì yẹn wọ̀n ọ́n, ẹ ta kókó kan ní gíga kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ so òkúta sí i, ẹ sọ̀ ọ́ sínú kànga, kí ẹ sọ iye kókó tó gbẹ fún wa. Èyí tí kò bá pé kókó, ẹ fi ìka wọ̀n ọ́n.”

“Ta ló rán ẹ ní irú iṣẹ́ yìí?”

“Ọmọ ọmọ yín ni.”

“Gàm̀bàrí kékeré yẹn? Gbé e fún mi.”

Ràlíátù gba fóònù, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọjà. “Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

“Káàárọ̀? Ṣé àárọ̀ Kánò kì í tán ni?”

Bí àwọn méjèèjì ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Èmi ni ògbufọ̀ wọn, nítorí Yorùbá Ìyá máa ń yára ju etí Ràlíátù lọ. Lẹ́yìn àsùbáà, Ìyá á pariwo, “Kókó méjì, ìka mẹ́ta!” Èmi á sọ ọ́ fún Ràlíátù, Ràlíátù á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Èsì àkọ́kọ́ tó jáde, ẹ̀rín ló pa mí. Kọ̀ǹpútà ní kànga Ìyá ti di omi òkun láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ní, “Ìyá mi ti rì, ó wá ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun!” Ojú Ràlíátù pọ́n. Ó ní kí n bi Ìyá ní ìgbà wo gan-an ló ń wọn omi. Ìyá ní lẹ́yìn tí òun bá ti pọn ti ilé àti ti ewúrẹ́ tán ni. Ràlíátù fọwọ́ gbá orí. Ó ní kó máa wọ̀n ọ́n kó tó pọn. Láti ọjọ́ kejì, ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ àti ohun tí okùn Ìyá ń sọ kò fi ju ìka kan lọ yàtọ̀ síra. Ọmọ mi jó yí dírọ́ọ̀mù ká. Màá purọ́ bí mo bá ní inú mi ò dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ní gbogbo àkókò tí à ń ka kókó yìí, mo ti sanwó fún àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù lọ́hùn-ún. Mi ò sọ fún Ràlíátù. Ogún ọdún ìwàásù kì í tán lára èèyàn lọ́sẹ̀ kan.

Ọjọ́bọ̀ kan, lọ́sàn-án gangan, Ràlíátù wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó ti ri ẹ̀rọ sínú ilẹ̀ inú àwòrán rẹ̀, ó ní kó jìn, ó ní kó fa omi. Mo wo pupa náà. Ó kọ́kọ́ wú díẹ̀ lábẹ́ páìpù, ó wá ń ga bí òkìtì ọ̀gán, ó gun òkè, ó gbé kànga Ìyá mì. Mo fẹ́ sọ pé àwòrán lásán ni. Fóònù mi dún.

“Àwọn èèyàn rẹ ti wà níbí láti àárọ̀ o!” Ìyá ni. “Wọ́n ní kí n dìde lórí kànga.”

“Kí lẹ ń ṣe lórí kànga?”

“Mo jókòó lórí ọmọrí rẹ̀ ni. Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n wá gbẹ́ ẹ jìn.”

Ràlíátù yí ojú sí mi. Mo wo ibòmíràn.

“Ìyá, ní Kánò níbí, bí omi bá...”

“Èmi ò bí Kánò, ìwọ ni mo bí! Nígbà tí bàbá rẹ ń gbẹ́ kànga yìí, ta ni a ní kó máa wo fìlà?”

Èmi ni wọ́n ní kó máa wò ó.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga lọ́dọ̀ wa nìyí. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ á dé fìlà wọ inú ilẹ̀. Ọmọdé kan á jókòó sílẹ̀ lókè, á máa wo fìlà yẹn. Bí fìlà bá fẹ́ rì kọjá ẹnu kànga, ọmọ náà á kígbe, agbẹ́kànga á sì jáde, bí omi tó rí ò bá tiẹ̀ ju ẹ̀kún abọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Wọ́n kàn ní fìlà ò gbọdọ̀ wọlẹ̀ ni. Fìlà bàbá mi jẹ́ aláwọ̀ ewé, òógùn ti jẹ etí rẹ̀. Mo wò ó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan orí, ojú ń ta mí, mi ò sì yí ojú padà. Èmi ni mo kígbe. Èmi ni mo pè é jáde.

Mo ti dé Kánò, mo ti ta okùn gígùn fún gbogbo ayé, mo gbàgbé fìlà bàbá mi.

“Mama, wetin she talk?” Ràlíátù bi mí.

Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ ka orí àwòrán náà, ó wọn gíga ọkùnrin kan láti ojú ilẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àárín búlúù ló bọ́ sí. Ó jìnnà sí pupa dáadáa.

Mo ní kí Ìyá gbé fóònù fún ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́.

“Alhaja, ẹ káàsán o.” Nílé, Alhaja ni mo jẹ́. “Màmá ò jẹ́ ká fọwọ́ kan kànga yẹn, ni a bá gbẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ti gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀. Ó kù díẹ̀ ká kan omi gidi.”

“Omi tó ń jáde nísinsìnyí, tọ́ ọ wò.”

Mo gbọ́ tó tutọ́.

“Ó níyọ̀ díẹ̀, Alhaja. Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ ẹ jìn sí i, ó máa...”

Ẹ gbọ́ mi bí? Ìwàásù mi ni. Ọjà tí mo ti ń tà láti ogún ọdún ni ọkùnrin yìí gbé wá tà fún èmi gan-an.

“Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ jìn sí i, ẹ ó bá àwọn ẹja nílé wọn! Ẹ fi amọ̀ dí i. Ẹ dí i nísinsìnyí, kí Màmá máa wò yín.”

Wọ́n dí i. Ìyá ò kúrò lórí ọmọrí kànga títí ọkọ̀ wọn fi lọ.

Ní ti àwọn onílé ìgbafẹ́, a ò tíì mọ ohun tí a ó bá wọn sọ tí Ìyá fi mú ìròyìn wá pé ọkọ̀ ńlá ló ń já omi fún wọn báyìí. Àwọn tó gbẹ́ ẹ jìn jù ni iyọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ wọn. Ràlíátù ní kí Ìyá máa fi dòrò rọra pọn omi, lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, kó máa dúró de òjò. Ó ní bí òjò bá rọ̀ dáadáa, búlúù á tún nípọn, á ti pupa wálẹ̀.

Ìdúró yẹn fẹ́ pa mí. Mo ń jẹ tuwo, mi ò mọ adùn rẹ̀. Mo ń wo ojú ọ̀run Kánò, tí eruku bò, mò ń wá òjò Ìbẹ̀jú nínú rẹ̀. Oníbàárà á bi mí ní iye korobá, màá ní kókó méjì, ìka márùn-ún. Mo tún ń rò ó pé ta ni ọmọ ilé nínú èmi àti Ràlíátù. Èmi tí mo wo fìlà, mo gbàgbé. Òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ yanrìn yẹn rí, ó fi àpótí kéékèèké wá a kàn.

Òjò rọ̀. Ìyá ò sọ fún wa. Ó kàn pè ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́hùn-ún, ó ní, “Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́.” Ló bá gbé ife sẹ́nu lẹ́bàá fóònù. Gbìn, gbìn, gbìn. Ó tú èémí. Ìyá tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní, “Ó ti padà wá.” Ràlíátù kò nílò ògbufọ̀.

Ó ku ohun kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí. Kọ̀ǹpútà fẹ́ mọ àwọn ọdún tó ń bọ̀. Èèyàn mélòó ni yóò máa pọn omi nínú kànga yẹn? Ràlíátù fi Ìyá sí i, ẹnì kan. Ìka rẹ̀ dúró. Ó wá fi Yorùbá bi mí, Yorùbá rẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ:

“Mama, ṣé kí n ka ẹ̀yin náà?”

Oníbàárà kan dúró níwájú mi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sétí. Ọjà ń hó. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo rántí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ sọ pé rárá, mo rí fìlà aláwọ̀ ewé.

“Fi mí sí i ní ìdajì.”

“Mama, èèyàn ò kí ń ní ìdajì.”

“Kọ̀ǹpútà tó pín yanrìn bàbá mi sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èmi nìkan ni kò lè pín sí méjì?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Èèyàn kan àti ààbọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn, yí ọjà ká, yí ọjà ká. Búlúù mì díẹ̀. Ó dúró.

“E hold,” ni Ràlíátù wí.

Mo gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ oníbàárà, mo gbé e sétí tèmi, mo gbọ́ ọ pẹ́ díẹ̀ kí n tó dá a padà fún un.

“Gbà,” ni mo wí. “Kò jò.”